Ẹni Tó Da Omi Sẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ bá gba iwájú ilé mi kọjá ní Ìwòyè-Kétu lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ sì fi ọwọ́ bo imú, ẹ má ṣe rò pé òkú ẹran ló wà lẹ́yìnkùlé mi, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì fura pé mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru tí ọmọlúàbí kì í ṣe. Omi tí a fi ń tu irin lójú ni, èmi fúnra mi ni mo pò ó, èmi náà ni mo sì fi wẹ àwọn àna mi lọ́sàn-án gangan.

Kí n tètè sọ bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive ní Ayétòrò, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, ìṣirò owó ni wọ́n ń kọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ni ọkàn mi máa ń wà. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, mo ra léètì àlòkù kan, ẹ̀rọ tí àwọn tọ́nà fi ń gé irin, tó ti òkè òkun dé, mo gbé e sí abẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn bí wọ́n bá pe tọ́nà. Kò pẹ́ tí ṣáàfùtù ẹ̀rọ tí àwọn ẹlẹ́gàárí fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣẹ́; olórí wọn, ìyá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, wá bi mí bóyá mo lè gé òmíràn, kí wọ́n má baà ru irin lọ sí Ayétòrò. Ẹnu mi ṣáájú ọgbọ́n mi lọ. Mo ní kí gbogbo wọn wá, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí bí irin ṣe ń bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀.

Ó yẹ kí n la iṣẹ́ omi yìí yé yín, nítorí àwọn tí kò mọ̀ rò pé eré ọmọdé ni. Bí irin ti ń yí nínú ṣọ́ọ̀kì, ẹnu ẹ̀rọ tó di irin mú, tí abẹ ń bẹ ara rẹ̀, ibi tí èépá irin ti ń ya kúrò, àti ibi tí èépá náà ti ń fi ara ha ojú abẹ kọjá, ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde. Bí ooru bá sì pọ̀ jù, ẹnu abẹ a rọ̀, a kú, a wá máa ha irin dípò kí ó gé e. Ará Amẹ́ríkà kan, Frederick Winslow Taylor, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1883 pé bí a bá da omi púpọ̀ sí ojú ibi tí abẹ ti ń gé irin, iṣẹ́ lè fi ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún yá sí i. Ṣùgbọ́n omi lásán a máa mú irin dípẹtà, kì í sì í yọ̀. Epo a máa yọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ooru kó lọ tó omi. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi po epo kan tó ní ohun bí ọṣẹ nínú, tí àwọn tọ́nà wa ń pè ní sólúbù, èyí tí a ń bu ìwọ̀n 1 rẹ̀ sínú omi ìwọ̀n 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ a sì di funfun bí wàrà. Púlì àti ìlù bíréèkì, tí a dà, tí a kò rọ, kò fẹ́ omi yìí rárá, nítorí èédú tó wà nínú wọn ń mú abẹ yọ̀, ìyẹ̀fun wọn pẹ̀lú omi a sì di ẹrẹ̀. Ṣáàfùtù ni ó fẹ́ ẹ. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, inú ìwé ni mo sì ti mọ̀ ọ́n, Ògún Lákáayé sì ń wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Àwọn baba wa ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹ bá fẹ́ po sólúbù, òwe yìí gan-an ni ìlànà iṣẹ́: ẹ kọ́kọ́ da omi, kí ẹ tó máa rọra da epo lé e, ẹ ó sì máa rò ó. Epo ni èmi dà síwájú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi lé e, epo sì bo omi mọ́ra, kò jẹ́ kó jáde, gbogbo rẹ̀ ki, ó ń fà, mo sì ń wí fún ara mi pé ojúlówó ọjà ni mo rà, ẹ wo bó ṣe nípọn.

Ẹni tó tà á fún mi l'Abẹ́òkúta rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì òróró tí kò ní àkọlé, bí ẹni pé ẹni tó rà á yóò lá àlá ìlànà rẹ̀. Gbogbo ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti fi igi dínà láti ibẹ̀ dé ilé ni wọ́n ti ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n ṣí kẹ́ẹ̀gì, kí n ṣàlàyé bóyá epo fàyàwọ́ ni mo ń gbé lọ sí òdìkejì ibodè. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo! Àgbàlagbà tó fi irun funfun dúró nínú oòrùn, tí ọmọ tí mo lè bí ń gbóòórùn ẹrù rẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀rín kankan nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ti epo bẹntiróòlù: àṣẹ tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, pé kí wọ́n má gbé epo wá sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè, kò bi àwa tí ibodè wà ní ẹ̀yìn oko wa léèrè pé kí ni a ó fi tan jẹnẹrétọ̀. N kò rí epo fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, sólúbù mi sì jókòó sínú àpò ẹ̀rọ ní tirẹ̀, nínú ooru, lábẹ́ páànù.

Ọjọ́ tí epo dé ni mo ránṣẹ́ pe àwọn ẹlẹ́gàárí. Ọjọ́ náà kan náà ni àwọn àna mi láti Kétu, ní òdìkejì ibodè, tí wọ́n ń lọ síbi òkú àgbà ní Ìmẹ̀kọ, yà kí wa, tọkọtaya, léèsì funfun láti orí dé ẹsẹ̀, gèlè ìyàwó ga tó orùlé. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀mí èṣù nínú ì bá ní kí wọ́n jókòó sí pálọ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àna wọn. Mo tò wọ́n sí iwájú ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Mo sọ̀rọ̀ Taylor fún wọn. Mo tan ẹ̀rọ, irin ń yí, mo ṣí omi: omi kò wá. Abẹ kan irin, èéfín sọ, irin ké. Mo ṣí omi tán pátápátá, pọ́ǹpù ń kérora, kò sí ohun tó jáde, àna mi ọkùnrin sì wúkọ́ díẹ̀, irú ikọ́ tí àna ń wú. Mo fa ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi ń gún ẹnu páìpù, láìpa ẹ̀rọ, láìpa pọ́ǹpù, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ìyá pé kékeré ni. Nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣí, páìpù yí kúrò lọ́wọ́ mi, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀kì, gbogbo ohun tó ti jókòó láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣọ́ọ̀kì tó ń yí kì í gba omi, fífọ́n ni ó ń fọ́n ọn. Ó fọ́n ọn yíká, lókè, nísàlẹ̀, ó fi kun ògiri, ó fi kun ewúrẹ́, ó fi kun léèsì, ó wọ inú gèlè, èmi tí mo sún mọ́ ọn jù lọ ni ó sì fi tirẹ̀ bá lójú àti ní ẹnu tí mo là láti fi ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé. Ẹ̀yin ará mi, àwọn obìnrin tó ti fi gbogbo ayé wọn bá ẹ̀gẹ́ tó ń kan gbé, àwọn ni ó kọ́kọ́ sá.

Kàkà kí n pa ẹ̀rọ kí n sì dọ̀bálẹ̀, ìmọ̀ ló tún gùn mí. Mo pa ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ti ń nu ojú ni mo ń là á yé wọn pé epo tí a fi ń pa ara ẹ̀rọ ló ń jábọ́ sínú omi náà, tó ń léfòó bo ojú rẹ̀, tí atẹ́gùn kò fi ráyè wọlé; pé nígbà náà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ atẹ́gùn máa ń ṣe àríyá, wọ́n a máa fi imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ṣe gáàsì tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu; pé àní láwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun, òórùn àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń pè é, nítorí omi tó fi Sátidé àti Sọ́ńdè sinmi; àti pé kíkì tó ki ni ó dí páìpù, nítorí mo da omi lé epo lórí.

Ìyá arúgbó, tí wàrà náà ń kán ní etí rẹ̀ méjèèjì, dúró gbọ́ mi tán. “Bàbá Bọ́lá,” ó ní, “ẹ̀bà tí ẹ ń jẹ láti kékeré, ṣé gàrí ni ìyá yín máa ń kọ́kọ́ dà sínú abọ́ ni?”

Ẹni kan láàrin wọn ní ojú tó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ṣùgbọ́n pé òun ń fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn láti òní lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹni kan fi jókòó sílẹ̀. Àna mi obìnrin nìkan ni kò rín. Ó ń tú gèlè rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sì wò mí.

Àwọn ẹlẹ́gàárí ti ru irin wọn lọ sí Ayétòrò, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tí kò ní pọ́ǹpù, tó fi ìṣó lu ihò sí ìdérí ìgò ike, tó ń fi ọwọ́ òsì fún omi sólúbù sí ẹnu abẹ bí ó ti ń gé. Ẹ̀rọ wọn ti ń rin ẹ̀gẹ́ padà. Ìyá Bọ́lá ní òun kò ní sọ nǹkan kan, ó sì ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ní àná ni ìwé dé láti Kétu: iye owó léèsì méjì àti gèlè kan, ní sẹ́fà. Mo bi ẹni tó ń ṣẹ́ owó ní ọjà pé èló ni sẹ́fà báyìí sí náírà. Ó wo ìwé náà, ó wò mí, ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó ná.