Oríkì A-gbé-fáìlì-má-gbé-aláìsàn

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ti Pákátà wá, ẹ̀yin tí ẹ gba Òkè-Lélé kọjá, ẹ̀yin Alhaja tí ẹ pa ìsọ̀ tì ní Ìpàta, ẹ sún mọ́ ibí. Onídadakúàdà kì í rí ọlọ́lá kó panu mọ́, àlejò ńlá sì ti ń wọ ọsibítù bọ̀. Kò gun ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ẹṣin la fi ń mọ ọlọ́lá nílùú yìí. Inú fóònù ló gbà wọlé. Ó ní iṣẹ́ ìlera lòun bá dé. Mi ò bi í léèrè ìwé àṣẹ. Tèmi ni kí n kì í, kó sì náwó.

A-gbé-fáìlì-má-gbé-aláìsàn,
Arínú-róde tí kì í jẹ́ ká rí inú tirẹ̀,
Ẹni tó jókòó sí Kalifọ́níà tó ń ka ìlù ọkàn ọmọ Tánkẹ̀,
Ọlọ́fẹ̀ẹ́ tó lówó ju ọlọ́jà lọ,
A-kó-ẹrù-tán-kó-tó-kágò,
Mo júbà, má fi mí ṣe dátà!

(Ẹ̀yin alfa, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ Ẹni tó ni orúkọ Arínú-róde. Àlejò yìí ni kò mọ̀.)

Orúkọ rẹ kò mọ ní ẹyọ kan. Bí mo bá pe Google, o ó jẹ́. Bí mo bá pe Amazon, o ó dáhùn. Microsoft, Oracle, Meta, ẹnu yín kì í kò níbòmíràn, àfi bí ọ̀rọ̀ bá kan ara aláìsàn. Ní ìlú tiwa, ìyàwó mẹ́rin lòpin, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe déédéé láàárín wọn, kó mú ẹyọ kan. Ìwọ kò dé ibi wàásù yẹn. Google, ọkọ Fitbit, aago ọrùn ọwọ́ tí í mọ ìgbà tí ènìyàn sùn àti ìgbà tó jí: bílíọ̀nù 2.1 dọ́là lo fi gbé e, ìgbéyàwó náà sì fìdí múlẹ̀ ní 2021. Amazon, ọkọ PillPack olóògùn, o ò sinmi, o tún fẹ́ One Medical tó kó dókítà jọ, bílíọ̀nù 3.9 dọ́là ní 2023. Microsoft, ọkọ Nuance, ẹ̀rọ tí í gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ tí í kọ ọ́ sílẹ̀, bílíọ̀nù 19.7. Oracle, ọkọ Cerner tí í bá ọsibítù tọ́jú ìwé aláìsàn, nǹkan bí bílíọ̀nù 28 dọ́là ní 2022.

Ìdána rèé o! Ta ni wọ́n kó o fún? Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kọ sínú ìwé náà kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ fi ìwé pè é síbi ìnáwó.

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Nightingale. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, Florence Nightingale ló máa rántí, nọ́ọ̀sì tó ń gbé àtùpà kiri lóru kó lè rí ojú aláìsàn. Ìwọ mú orúkọ nọ́ọ̀sì, o fẹ́ àtùpà pa kí aláìsàn má baà rí ojú rẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú u síta: Google ti bá Ascension, ẹgbẹ́ ọsibítù ìjọ Kátólíìkì kan tó tóbi gan-an ní Amẹ́ríkà, wọ àdéhùn. Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ ìbí rẹ̀, èsì àyẹ̀wò rẹ̀, àìsàn tí dókítà rí lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń wọ́ tọ Google lọ láti ìpínlẹ̀ 21. Ọ̀rọ̀ náà lè kan tó 50 mílíọ̀nù ènìyàn. Aláìsàn kò mọ̀. Dókítà tó kọ ìwé fún un pàápàá kò mọ̀. Nígbà tí ariwo ta, àwọn méjèèjì fèsì pé àwọn kò rú òfin kankan.

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo oríkì rẹ, A-ṣe-é-má-rúfin. Olè ní láti fo ògiri. Ìwọ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, adènà sì ń kí ọ káàbọ̀.

Wọ́n tún ń kì ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. DeepMind, ọmọ Google, gba ìwé mílíọ̀nù 1.6 aláìsàn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọsibítù Royal Free. Ọsibítù Chase Farm tó wà ní Enfield wà lábẹ́ Royal Free, ẹ sì mọ bí ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó lápá ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ká ta tẹ́tẹ́ pé kò sí ọmọ wa kankan nínú mílíọ̀nù náà, mà á fi agbádá mi ta á. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, iṣẹ́ tí áàpù yẹn, Streams, wá ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ibi: kó tètè ta dókítà lólobó bí kíndìnrín aláìsàn bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí lè tibẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2017, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ dátà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Royal Free rú òfin nínú bó ṣe kó ìwé náà sílẹ̀, nítorí aláìsàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n ọlọ́lá mi: ọsibítù ni ẹ̀bi dé bá. DeepMind ti ṣèlérí pé dátà náà kò ní da pọ̀ mọ́ ti Google. Ọdún 2018 ni Google kéde pé òun ń gba Streams sọ́dọ̀. Ọdún 2021, ó pa á tì.

A-ṣèlérí-láàárọ̀-yí-i-padà-lálẹ́,
Ọmọ gba ẹrù, bàbá jẹ ẹ́,
Wọ́n mú onílé, wọ́n fi àlejò sílẹ̀.

Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Flo, tó ń bá obìnrin ka ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀. Ó lé ní 100 mílíọ̀nù ènìyàn tó gbà á sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin Ìlọrin kì í jẹ́ kí orogún rẹ̀ gbọ́, tí ìyá ọkọ pàápàá máa ń fi ojú wá ni, Flo sì ti búra pé ẹnì kankan kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ẹnì kankan kò gbọ́ ọ lóòótọ́. Facebook àti Google ló gbọ́ ọ. Ní 2021 ni FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, tó mú un wọ àdéhùn pé kó máa gba àṣẹ obìnrin náà kó tó tú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ìdílé rẹ wàyí, torí oríkì tí kò kan ìdílé, ìkíni lásán ni. Àbíkú ni ẹ ń bí, ọlọ́lá mi. Google bí Google Health ní 2008, kí gbogbo ènìyàn wá kó ìwé ìlera wọn síbẹ̀. Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012. Ó tún ayé wá ní 2018, wọ́n wá dókítà gidi kan, David Feinberg, láti máa tọ́ ọ. Ní 2021 Feinberg gba Cerner lọ, wọ́n sì tú ilé náà ká. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Oracle ra Cerner. Amazon pẹ̀lú Berkshire Hathaway pẹ̀lú báńkì JPMorgan para pọ̀ bí Haven ní 2018, wọ́n ní yóò tún ètò ìlera Amẹ́ríkà ṣe. Kò rí ọjọ́ ìbí ọdún kẹrin. Tó bá jẹ́ pé Ìlọrin ni wọ́n ti bí wọn ni, wọn ì bá ti sọ ọ̀kan ní Málọmọ́, kí wọ́n sọ èkejì ní Kòkúmọ́.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, olówó ló ń ṣòfò. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Áfíríkà. Babylon láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Ruwáńdà ní 2016, ó sọ ara rẹ̀ ní Babyl, kí aláìsàn máa bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀. Ní 2021 wọ́n gbé Babylon lọ sí ọjà ìpín owó ní New York, iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 4 dọ́là. Ní 2023 ó wó, ti Ruwáńdà sì bá a lọ. Ọdún 2023 kan náà ni 54gene, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019, tó ń kó àyẹ̀wò jọ lára ọmọ Nàìjíríà láti fi wádìí àbùdá ara wa, kógbá sílé lẹ́yìn tó ti rí 45 mílíọ̀nù dọ́là gbà lọ́wọ́ olùdókòwò. Ilé-iṣẹ́ lè kú. Àbùdá ara kò ṣeé pààrọ̀ bí ẹni pààrọ̀ láìnì fóònù.

Ẹ̀yin èrò, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́nu. Ẹ ní, "Oníyìn, ìwọ náà ò ì tí ì lọ sí ọsibítù wa ni?" Mo ti lọ. Àárọ̀ kùtù la máa ń débẹ̀, kí oòrùn tó mú. Bẹ́ńṣì ti kún. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé káàdì máa wọ inú yàrá fáìlì lọ, ó máa pẹ́, ó máa bọ́ síta pẹ̀lú eruku lọ́wọ́: "Màmá, a ò rí fáìlì yín o, ẹ lọ ra káàdì tuntun." Àìsàn ọdún méje ti di àìsàn àná nìyẹn. Màmá á ṣí báàgì, á fa ìwé eléwé ogójì ti ọmọ iléèwé yọ, inú rẹ̀ ni dókítà tó kọjá kọ orúkọ oògùn sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyàwó ilé kan ti ya àwòrán èsì àyẹ̀wò rẹ̀, ó fi WhatsApp fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ òkèèrè, kó bá òun kà á. WhatsApp ní òun kò lè rí ohun tó wà nínú àwòrán náà. Ó mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ó mọ ẹni tó gbà á, ó sì mọ àsìkò.

Ìdí tí àlejò yìí fi máa rí ibi jókòó nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń sọ fáìlì rẹ̀ nù kò ní bínú sí ẹni tó ní òun máa tọ́jú rẹ̀. Mi ò bá a bínú.

Òfin kò sì wọ́n wa. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ọsibítù pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, bu 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tó ni WhatsApp lórí bó ṣe ń lo dátà ọmọ Nàìjíríà tó wà lórí rẹ̀. Meta pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì tún dá a lẹ́bi ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Àwa kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ rẹ́ jẹ, àwa kọ́ la sì máa kọ́kọ́ pariwo.

Ìpínlẹ̀ Kwara yìí náà ti gba irú àlejò ìlera bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn ni mi ò fi lè kì ọ́ tó bí o ṣe rò. Ọdún 2007, ọdún tí Apple kọ́kọ́ gbé iPhone jáde, owó àwọn ará Netherlands wọ Ṣóńgà nípasẹ̀ àjọ PharmAccess àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera Hygeia, ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ á san ọgọ́rùn-ún mélòó kan náírà lọ́dún, ètò adójútòfò á san ìyókù. Wọ́n tún ilé ìwòsàn ṣe, oògùn wà lórí pẹpẹ, nọ́ọ̀sì ń di rọ́bà ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru mọ́ apá ènìyàn. Ètò náà dé Àfọ̀n lẹ́yìn náà. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìjìnlẹ̀ JAMA Internal Medicine ní 2014 fi hàn pé láàárín àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní abúlé Kwara, ìwọ̀n tòkè ẹ̀jẹ̀ wọn fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ níbi tí ètò náà dé. Níbi tí kò dé, nǹkan bí 5 ni. Ara aláìsàn ni wọ́n fọwọ́ kàn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ ńkọ́, ọkọ Fitbit, ọkọ Cerner? Mélòó lo mú wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru ará Àfọ̀n? Fi èsì ìyẹn hàn mí, mà á fi ojúlówó ìlù kì ọ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Títí ìgbà náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara àti ẹ̀yin tí ẹ ń darí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan bá gbé ìwé àdéhùn wá pé òun fẹ́ máa tọ́jú fáìlì aláìsàn, ẹ má fọwọ́ sí i ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Nupe, ní Bàrùbá àti ní Fúlàní. Ẹ kọ ẹni tó máa rí ìwé náà sí i, ibi tí wọ́n máa kó o pamọ́ sí, àti ẹni tó máa jogún rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá kú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lójú fèrèsé káàdì fún oṣù kan gbáko, kí Màmá tó mú ìwé eléwé ogójì lọ́wọ́ rí i kà, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí, kí fáìlì kan ṣoṣo tó kúrò ní Ìlọrin.