Ọ̀gbẹ́ni Tèmi-yàtọ̀ àti Olórùka Aró

Bí ayé ti kún fún àwọn tí í sin ajá kí olè má baà jà wọ́n, tí ó kún fún àwọn tí í sin ológbò nítorí eku, tí ó sì tún kún fún àwọn tí í tọ́ ẹja wẹ́wẹ́ sínú àpótí gíláàsì kí ojú àlejò lè rí nǹkan wò kí oúnjẹ tó jinná, ẹ má ṣe rò pé Ọ̀gbẹ́ni Tèmi-yàtọ̀ yóò bá ọ̀kankan nínú wọn dọ́gba, nítorí láti ìgbà tí ó ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni kò ti sí ohun tí ó ń bí i nínú tó pé kí ènìyàn kan wọ pálọ̀ rẹ̀, kí ó wò yíká, kí ó sì wí pé, "Èmi náà ní irú èyí nílé." Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni mo fi ń pè é, èmi ni mo fún un ní ti ọ̀hún, nítorí pé gbólóhùn náà kì í jìnnà sí ètè rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ń gbé, ní ẹ̀bá ìlú ńlá kan tí gbogbo ilé jọra bí ìbejì, tí koríko iwájú wọn ga déédéé, tí ọkọ̀ iwájú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bóyá ibẹ̀ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní fi gbogbo ẹnu bú u fún èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí ní Ìbàdàn má rò pé ará òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí pé ní ọdún 2019 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá gbé kìnnìún kan jáde nínú ilé tí ènìyàn ń gbé ní Victoria Island, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹbí Tèmi-yàtọ̀ pọ̀, kò sí ìlú tí wọn kò ní ilé sí.

Kò ṣàdédé bọ́ sórí ẹran tí ó wá sọ ọ́ di olókìkí. Ẹja pupa ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ilé kejì ní irú rẹ̀ nínú ìgò. Ó bọ́ sórí ẹja òkun abilà kan tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró, ó sì fi èyí yangàn fún ìgbà díẹ̀, àfìgbà tí ó lọ yọ eyín, tí ó bá méjì irú ẹja náà nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, tí ó sì padà wálé pẹ̀lú ojú ẹni tí ọba gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni òǹtajà ẹja kan, tí ó mọ oníbàárà rẹ̀ bí ẹlẹ́mu ti mọ ọ̀pẹ tí ń dà, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mi, ohun kan wà lẹ́yìn tí n kì í fi han gbogbo ènìyàn." Gbogbo ènìyàn! Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni ó pa á. Ká ní òkúta wẹ́rẹ́ ni ó wà lẹ́yìn, yóò rà á.

Kì í ṣe òkúta. Ọ́kítópọ́ọ̀sì kékeré kan ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ara rẹ̀ kò ju ẹyin adìyẹ lọ, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá na gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, agbára káká ni yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 20. Inú Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì ni irú rẹ̀ ń gbé, láti apá Jàpáánì títí dé ìsàlẹ̀ Ọsirélíà, lábẹ́ òkúta, nínú ìkarahun òfìfo, nínú agolo tí ènìyàn jù nù, tí ó ń jẹ akàn àti edé, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni wá wàhálà. Olórùka aró ni mo ń pè é nítorí àwọn òrùka aró ara rẹ̀, Hapalochlaena ni àwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ tí Ọ̀gbẹ́ni fi ara balẹ̀ kọ́ níwájú dígí títí ó fi ń já geere lẹ́nu rẹ̀. Ká ní àwọn arọ́kin ilé wa ni ó kọ́kọ́ bá a pàdé ni, oríkì ni wọn ì bá fi jí i lówùúrọ̀: ọlọ́kàn mẹ́ta, ẹlẹ́jẹ̀ aró; aláìléegun tí í fi ihò tíntín ṣe ẹnu ọ̀nà ààfin; àrólé òkúta tí kì í wá ìjà lọ sílé onílé; a-báni-ṣeré-lẹ́ẹ̀kan-má-ṣe-lẹ́ẹ̀kejì.

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Inú itọ́ ẹran yìí ni ikú wà, nítorí pé ní ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé oró tí ó ń tu jáde àti májèlé inú ẹja fúgù, èyí tí àwọn alásè ní Jàpáánì í gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, ọ̀kan náà ni, tetrodotoxin ni a sì ń pè é. Ohun tí oró yìí ń ṣe kò ní ariwo nínú: ó ń dí ojú ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú àwọn fọ́nrán tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ara kò fi ní dé ibi tí ó ń lọ mọ́. Ètè yóò kọ́kọ́ kú, ahọ́n yóò wúwo, ìpéǹpéjú yóò wó lulẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ yóò kọ̀ṣẹ́, lẹ́yìn náà ni àwọn iṣan tí ń fa èémí yóò wá dákẹ́; ṣùgbọ́n ọkàn ẹni náà lè mọ́ kedere ní gbogbo àsìkò yìí, kí ó máa gbọ́ ohun gbogbo, kí ó máa mọ ohun gbogbo, kí ó má sì lè ṣẹ́jú lásán fi dáhùn.

Ẹ má rò pé Ọ̀gbẹ́ni kò mọ èyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dùn jù nìyí. Òun gan-an ni yóò bu omi ọsàn sí ife rẹ, tí yóò fà ọ́ sún mọ́ àpótí náà, tí yóò sì sọ fún ọ, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ń ka ìtàn ìdílé rẹ̀, pé ní ọdún 1954, lẹ́bàá ìlú Darwin ní Ọsirélíà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó lọ fi ọ̀kọ̀ pa ẹja jẹ́ kí irú ẹran yìí máa rìn kiri lórí èjìká rẹ̀ bí ohun ìṣeré, ẹran náà sì bù ú jẹ ní ẹ̀yìn ọrùn, kò sì pẹ́ rárá tí ó fi dágbére fáyé. Pé ní ọdún 1967, ní Camp Cove ní ìlú Sydney, sójà kan gbé irú rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́, kò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí bárékè mọ́. Pé ìbùjẹ náà kì í dunni tó kí ènìyàn fi mọ̀ pé òun ti rìnrìn àjò. Pé kò sí oògùn apa-oró fún un ní ilé ìwòsàn kankan láyé yìí. Yóò tún fi ti fíìmù James Bond ọdún 1983 kún un, níbi tí ẹran náà ti jáde, nítorí pé kò fẹ́ kí o rò pé àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ni ẹran òun ń bá rìn. Bí o bá wá bi í pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò ní, "Àwọn yẹn gbé e lé ara. Tèmi yàtọ̀. Ó mọ̀ mí." Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ti Ọ̀gbẹ́ni ju ti ọmọdé lọ, nítorí pé ó mọ oògùn, ó mọ iye rẹ̀ lọ́jà, ó mọ àwọn tí ó pa àti ọdún tí ó pa wọ́n, ó sì tún gbé e sí àárín pálọ̀ kí àlejò lè rí i dáadáa.

Ìṣòro kan ni ó wà tí òǹtajà kò ki bọ ọ̀rọ̀. Olórùka aró tí ara rẹ̀ balẹ̀ kì í ṣí òrùka. Àwọ̀ ẹrẹ̀ etí odò ni ó ń gbé wọ̀, ó sì fẹ́ràn àtisá pamọ́ ju ohunkóhun lọ. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pe àwọn àlejò wá wò ó, wọ́n tẹjú mọ́ gíláàsì títí, òkúta ni wọ́n rí àti iyanrìn, obìnrin kan sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ṣé ẹran náà kò tíì dé ni. Ojú tì í. Kò sì sí ohun tí irú ènìyàn báyìí kò lè ṣe kí ojú má baà tún tì í lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi òwú wé ẹnu rẹ̀, láti ìgbà náà lọ, bí àlejò bá ti jókòó tán, yóò dìde, yóò ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, yóò bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ kúrò kí omi oníyọ̀ má baà bà á jẹ́, yóò gbé aago náà lé orí aṣọ ìnujú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, lẹ́yìn náà ni yóò wá ti ọwọ́ lásán bọ inú omi, láti fi ọ̀pá gún ẹran tí kò ní oògùn apa-oró ní ìdí. Ẹran náà yóò súnkì, nǹkan bí 60 òrùka aró yóò sì tàn yòò lára rẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn àlejò yóò pariwo, wọn yóò pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó bí ó ti ń kí yín!" ni Ọ̀gbẹ́ni yóò wí. Kì í kí wọn. Ẹ̀rù ni ó ń bà á, òrùka wọ̀nyẹn sì ni ó fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ padà sẹ́yìn kí òun má baà di apànìyàn. Nínú gbogbo àwọn tí ó wà ní pálọ̀ yẹn, òun nìkan ni ó ń sọ òótọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé, ṣùgbọ́n èyí tí baálé fi owó ara rẹ̀ rà wọlé, n kò mọ ibi tí àwọn àgbà fi í sí. Aya rẹ̀ kò sùn dáadáa mọ́. Ó ti gbọ́ pé ẹran tí kò ní eegun yìí, ibikíbi tí ẹnu rẹ̀, tí ó rí bíi ti ayékòótọ́, bá ti lè gbà, ara yòókù yóò tẹ̀lé e. Ó sì ti gbọ́ ìtàn Inky, ọ́kítópọ́ọ̀sì irú mìíràn tí ìròyìn rẹ̀ kárí ayé ní ọdún 2016, tí ó fi òru jáde nínú àpótí rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ẹran omi ti orílẹ̀-èdè New Zealand ní ìlú Napier, tí ó wọ́ ilẹ̀ kọjá, tí ó bọ́ sínú páìpù, tí ó sì gba ibẹ̀ padà sínú òkun. Ibẹ̀ ní òṣìṣẹ́, ó ní olùṣọ́. Ní ilé Ọ̀gbẹ́ni, bíríkì méjì ni ó wà lórí ìdérí, ihò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí páìpù afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Obìnrin náà kì í dìde lóru lọ mu omi láìtan iná tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀, kì í sì í wọ bàtà láìkọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bi í pé, "Baálé mi, bí ó bá bù yín jẹ ńkọ́?" èsì tí ó gbọ́ ni pé, "Ìwọ ni yóò máa mí sí mi lẹ́nu."

Òótọ́ ni ó sì sọ, nítorí pé ìtọ́jú tí ó wà kò ju èyí lọ: kí ẹlòmíràn máa mí fún ẹni tí a bù jẹ títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò fi dé, kí ẹ̀rọ sì gba iṣẹ́ náà ṣe títí ara yóò fi lé oró náà jáde, èyí tí ó lè gba ọjọ́ kan gbáko. Mo ti fi ọkàn yàwòrán alẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i. Baálé nà gbalaja lórí ẹní pálọ̀, aya kúnlẹ̀ tì í, ó ń mí sí i lẹ́nu, láàárín èémí kan sí èkejì ó sì ń sọ gbogbo ohun tí ó ti há a láyà láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ àwọn àna, ọ̀rọ̀ àpótí gíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni sì ń gbọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ mọ́ rekete, ahọ́n rẹ̀ sì kú, tí kò fi lè dáhùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, pé tòun yàtọ̀.

Kò ṣẹlẹ̀. Ẹran náà ni ó kú. Irú rẹ̀ kì í sábà lò tó ọdún méjì láyé, abo tí ó bá sì ti ṣọ́ ẹyin rẹ̀ títí wọ́n fi pa, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èyí tí a bá rí rà ti dàgbà nínú òkun kí wọ́n tó mú un, kò sí ẹni tí ó mọ iye oṣù tí ó kù fún un nígbà tí ó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gbẹ́ni bá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó funfun, ó rọ̀, kò ní òrùka kankan. Ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ní omi tí wọ́n tà fún òun ni ó ní bàbà nínú, ó ní ìgbálẹ̀ ẹlẹ́rọ aya òun ni ó dẹ́rù bà á, ó fẹ̀sùn kan olúkúlùkù àfi ọ̀pá olówùú, èyí tí ó nù gbẹ, tí ó sì dá padà sínú àpótí ìdáná. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ òǹtajà náà láago, ó ní kí ó fi òmíràn ránṣẹ́, èyí tí òrùka rẹ̀ mọ́ dáadáa, nítorí pé àlejò ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

"Ó wà, ọ̀gá mi," ni òǹtajà wí. "Ó ti ń tà gan-an ní àdúgbò yín báyìí. Ẹni tí ń gbé ní ilé kejì sí yín gbé ọ̀kan lọ ní àná."

Ọ̀gbẹ́ni Tèmi-yàtọ̀ dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí yóò tún sọ̀rọ̀, ó ní, "Ǹjẹ́ ẹ kò ní èyí tí oró rẹ̀ ju báyìí lọ?"