Ọlọ́dẹ Òru Tí A Ò Gbà Síṣẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo, fèrèsé Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ṣí sílẹ̀. Ṣebí gbogbo wa la gbà pé wọ́n ń ṣọ́lé fún wa lóru? Sálúbàtà wọn á máa dún ṣàá-ṣàá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá Sàdíà á ní, “Ẹ kú ìṣọ́ o, Bàbá!” Àwọn náà á dáhùn pé olè ò ní jà wá. Ìtọ̀ ló ń jí wọn, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ sì mọ̀ wọ́n mọ bàtà. Èyí tó ń dán gbinrin, tí wọ́n wọ̀ síbi ìgbéyàwó Bọ̀sẹ̀, kò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́ tó bá ti dìrọ̀lẹ́. Ni wọ́n bá lọ gbéjà ko oníbàtà kọ́nà, wọ́n ní ó ti sún bàtà àwọn kì! Ojú wọn á wú láàárọ̀, àwa á ní owó ló ń wọlé. Ìtọ̀ wọn ń hó bí ọṣẹ, wọ́n ní agbára ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn?” Kí ni wọ́n máa lò, nígbà tí nǹkan kan ò dùn wọ́n? Kídìnrín kì í sì í tètè ké. Orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń da díkílófénákì mì, wọ́n ń fi àgbo lé e. Àgbo Ìyá Alágbo náà ni o, èmi ò sì tíì rí ọjọ́ tí ìyá yẹn mu lára ọjà ara rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ Bàbá wò nílé ìwòsàn, wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó tó hàn pé àìsàn kídìnrín wọn ti di bárakú. Ó ti ṣe àbúrò wọn náà rí, a sì pè é ní iṣẹ́ ayé! Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní láti 2010 ni àwọn onímọ̀ ti rí oríṣi ohun àjogúnbá APOL1 kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá: ó ń gbèjà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun, àmọ́ ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, kídìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíì lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣàìsàn ṣá.

Ní báyìí, Bàbá ti ra ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá. Tó o bá mú owó ilé lọ, wàá kọ́kọ́ na apá. Ẹ ò ní béèrè ẹni tí tiẹ̀ kọ́kọ́ ga? Ìyá Alágbo ni o, ẹ má ní èmi ni mo sọ.