Mọ́tò Àdáni fún Ọ̀gbẹ́ni Olu

Ẹ bá mi kí àwọn ará Borokiri tó ń wọ bàálù. Ẹ kí wọn kú ẹsẹ̀, ẹ kí wọn kú ìnáwó, ẹ sì kí wọn kú ewu ọ̀nà. Bàálù láti Port Harcourt dé Èkó, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kí èèyàn tó rí bísíkíìtì tí wọ́n há fún un tú, wọ́n ti ní kó de bẹ́líìtì rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n láti Borokiri dé Omagwa tí bàálù ọ̀hún ń balẹ̀ sí, ẹ má bi mí. Ibẹ̀ ni ìrìn-àjò wà. Wíwọ bàálù, ìsinmi ni.

Borokiri ni ìdí ìlú Port Harcourt, níbi tí ilẹ̀ ti ń tẹríba fún omi. Yanrìn ni wọ́n tiẹ̀ fi dí irà ní apá kan rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ ní Sandfill. Omagwa ní tirẹ̀ wà lórí ìlú lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Ikwerre, ó sì lé ní 30 kìlómítà sí wa. Kì í ṣe pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fìyà jẹ wá o. Nígbà tí Lugard fi Lewis Harcourt, mínísítà tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà, sọ ìlú yìí lórúkọ ní 1913, ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èédú Enugu ni wọ́n fẹ́ máa kó lọ, nígbà tó sì di 1916, ojú irin ti dé ọ̀hún. Lásìkò yẹn, ará ìsàlẹ̀ ìlú ló súnmọ́ ayé jù lọ; inú oko ni Omagwa wà. Bàálù ló dé tó yí ayé po, tí ìdí ìlú fi wá di ìdí lóòótọ́.

Ẹ má sì rò pé ojú ọ̀nà wa kò lọ́lá. Ẹ jáde nílé, ẹ rí Harold Wilson Drive, ẹ kí olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ bá Churchill, ẹ kí èkejì. Ẹ gba Moscow Road kọjá, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní físà. Kí ẹ tó sinmi, ẹ ti dé Lagos Bus Stop. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé, mo gbọ́ tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo "Lagos! Lagos!", mo wo owó tí mo fún un, mo ní ta ló wá ń tan ara rẹ̀ jẹ tó ń wọ bàálù?

Ọdún kẹta mi rè é tí mo wọ̀ sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Borokiri, tí mo ń ti ibẹ̀ lọ Èkó, tí mo ń ti Èkó bọ̀. Bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀: ọ̀kan dé Mile 1, òmíràn dé Rumuokoro, òmíràn tún di Omagwa, báàgì á sì wà lórí itan mi bí ọmọ ọwọ́. Bàbá Ìbejì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ní ìwà yẹn kò bójú mu. Àwọn ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni, ẹ máa kíyè sí wọn: kò sí èyí tí kì í ní "ẹnì kan tí mo mọ̀." Ẹ ń wá ilé, wọ́n mọ ẹnì kan. Ẹ ń wá ìwé ìrìnnà, wọ́n mọ ẹnì kan. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ọ̀hún ni kì í mọ̀ wọ́n.

"Àna mi," ó ní, "ẹ má fi wá ṣẹ̀sín níta. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gba mọ́tò àdáni. Á gbé yín lẹ́nu ọ̀nà, á já yín sí ẹnu ọ̀nà bàálù. Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo, AC á máa fẹ́ sí yín lára, kò sì ní dúró níbì kankan."

Mọ́tò àdáni! Ohun tí gbogbo wa ń pè ní dírọ́ọ̀pù ni o. Dírọ́ọ̀pù yẹn náà ló lọ bọ́jú, tó so nǹkan olóòórùn dídùn mọ́ dígí iwájú, tó wá di àdáni. Nígbà tó ń jẹ́ dírọ́ọ̀pù, 12,000 náírà ni ẹni kan fi gbé mi. Nígbà tó yí orúkọ padà, ó di 25,000. Ìsọmọlórúkọ wo ló wọ́n tó báyìí?

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la fi àdéhùn sí, torí pé aago méjì ààbọ̀ ni bàálù mi. Nígbà tó di aago mẹ́wàá géérégé, mo pe dẹ́rẹ́bà. "Oga, I don dey road," ó ní. Mo tẹ́tí. Ife ń kan korobá, omi ń dà ṣìì, ọmọdé kan ń bèèrè ibi tí wọ́n gbé ọṣẹ sí. Títì wo ni wọ́n ń mú kànrìnkàn dání rìn?

Ó dé ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Corolla ọ̀hún mọ́ tónítóní, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ọkùnrin kan ti jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Dẹ́rẹ́bà ní àbúrò òun ni, ó kàn fẹ́ bá wa na ẹsẹ̀ ni. Mo lọ ṣí bútù, sílíńdà gáàsì ìyàwó rẹ̀ ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀ bí aláboyún, wọ́n fẹ́ bá a rọ gáàsì sí i lọ́nà.

Èmi náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti di báàgì Gáná-mọ́sì-gó kan fún mi láti gbé fún Màmá wa ní Èkó: ẹja gbígbẹ, edé, ìṣáwùrú. "Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n gbé e sí bútù o. Orí itan rẹ ni kó wà." Bí mọ́tò àdáni ṣe gbéra nìyẹn: èmi, dẹ́rẹ́bà, àbúrò dẹ́rẹ́bà, sílíńdà ìyàwó dẹ́rẹ́bà, àti edé. Nínú àwa márààrún, edé ló ń sọ̀rọ̀ jù.

Mo ní kó bá wa tan AC. Ó ní AC wà, gáàsì rẹ̀ ló tán. Sílíńdà bútù, gáàsì rẹ̀ ló tán. Mo wo dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ lójú, mo ní kí tirẹ̀ náà má ti tán. A bá sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀. Ẹ sì mọ Port Harcourt: láti 2016 ni èéfín dúdú ti ń bà lé wọn lórí, àwọn tó ń fọ epo ní ìdákọ́ńkọ́ nínú igbó wà lára ohun tó fà á. Ẹ fi ìka kan imú yín nírọ̀lẹ́, ẹ ó rò pé ẹ ti tún ẹ̀rọ mọ́tò ṣe. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ ní Borokiri. Kí a tó dé Rumuigbo, ó ti di ẹ̀tù.

Ọ̀rọ̀ Rumu yìí náà, ẹ jẹ́ kí n ya síbẹ̀ díẹ̀. Rumuola, Rumueme, Rumuigbo, Rumuokwuta, Rumuomasi, Rumuokoro: ọmọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó ni àwọn Ikwerre ń fi Rumu sọ. Ṣùgbọ́n àlejò Yorùbá tí dẹ́rẹ́bà bá ní "I dey Rumu-" fún, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já, orí rẹ̀ dàrú nìyẹn. Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn tí wọ́n bí mi sí, Ìdí-Àpẹ́ wà níbẹ̀, Ìdí-Ìṣin wà níbẹ̀, Ìdí-Arẹrẹ àti Ìdí-Ìkán wà níbẹ̀. Àwọn ń ka ọmọ, àwa ń ka ìdí igi.

Ní Mile 3, a dúró rọ gáàsì. Ti sílíńdà o, kì í ṣe ti AC. Mo pariwo, wọ́n bẹ̀ mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àbúrò dẹ́rẹ́bà rí ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ bọ̀ọ̀lì torí pé ẹ ti fi ẹ̀pà jẹ ẹ́ ní Ṣágámù, ẹ dákẹ́. Obìnrin yẹn ń fi ọwọ́ lásán yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí wáyà, ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú iná, iná náà ń dáhùn. Ó la ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín, ó fi ṣíbí bu ọbẹ̀ elépo pupa lé e, ata, àlùbọ́sà, ugba, ewé utazi tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Dẹ́rẹ́bà tí kò ní dúró níbì kankan wá ń bá a jà lórí orí ẹja. Ìrù ni wọ́n fún un, orí ló fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣẹjọ́ orí. Mo ń wo aago, mo ń gbé itọ́ mì. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n bu tèmi náà wá, èmi ni mo sì san tàwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dẹ́rẹ́bà ní òun á yọ ọ́ nínú owó mọ́tò. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti yọ ọ́.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Rumuokoro ló wá gbà wá lálejò. Ọ̀kadà ì bá gbà mí sílẹ̀, Gómìnà Amaechi ti lé wọn kúrò nígboro láti ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Wike tó jẹ tẹ̀lé e, láàárín 2015 sí 2023, afárá ló ń kọ́ bí ẹni ń to ìṣáná: Rebisi, Okoro-nu-Odo, Oro-Abali, ẹ máa kà á lọ. Dẹ́rẹ́bà mi gbóríyìn fún àwọn afárá yẹn títí, ó sì gba ibi tí kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀bùrú ọ̀hún já sínú ọgbà ẹnì kan tó ń sá gaàrí.

A dé Omagwa ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Mo gbé edé lérí, mo sáré bí olè. Nígbà tí mo dé orí ìlà, wọ́n ní bàálù kò tíì kúrò ní Èkó. Ó di aago márùn-ún. Dẹ́rẹ́bà tó tẹ̀lé mi wọlé nítorí owó tó kù ní, "Oga, you see? I no late." Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Mo ní àyè láti jókòó wò yí ká. Ní 2015, ìkànnì Sleeping in Airports, tó ń bá àwọn arìnrìn-àjò wádìí ibi tí oorun ti dára, ní pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt ló burú jù lágbàáyé. Abẹ́ àtíbàbà bíi ti òde ìnáwó ni wọ́n ti ń gba àwọn tó ń dé nígbà yẹn. Jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan ni kò sí. Àwọn ará ibí kò jẹ́ kó dùn wọ́n púpọ̀. Ipò kìn-ín-ní náà ni, ẹ̀yìn ni wọ́n ti kà á. Nígbà tó di Oṣù Kẹwàá 2018, Buhari wá ṣí ilé tuntun tí àwọn Ṣáínà, CCECC, kọ́ fún àwọn tó ń lọ òkè òkun. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbé edé lọ fún Màmá, kí ni mo ní í ṣe pẹ̀lú òkè òkun?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń bọ̀. Bàbá Ìbejì pè mí: "Àna mi, mo ti bá a sọ̀rọ̀ gidi. Ẹ san owó ránṣẹ́ sí i kí ẹ tó gbéra. Wọ́n á gbé ìwé tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn òyìnbó elépo." Orí mi wú. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo àwọn òyìnbó yẹn tí wọ́n ń rìn lọ bá orúkọ wọn wẹ́rẹ́, tí àwọn onítákísí ń fa èmi lápá aṣọ lọ́tùn-ún lósì.

Orúkọ mi ní lẹ́tà mọ́kànlá. Dẹ́rẹ́bà kọ mẹ́ta. "MR. OLU."

Níwájú bàálù tó ti Èkó dé! Ìwọ tí o gbé Olu sókè níbẹ̀, ìpàdé ẹbí lo pè. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin méjì ti wà níbẹ̀. Ọ̀kan wọ kóòtù, ó di ìwé náà mú ní etí kan. Èkejì dé fìlà, ó di etí kejì mú. Ẹni yìí ní Olú tòun ni, ẹni yẹn ní tòun ni, èmi náà na ọwọ́ sí àárín. Dẹ́rẹ́bà kò tiẹ̀ ṣíra. "No wahala. All of una na Olu." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Àṣìṣe kọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ti san 25,000, olúkúlùkù ló gba mọ́tò àdáni. Ó wò ó pé kí ló dé tí òun á fi da ìwé mẹ́ta nù.

Mo ní kí n bọ́ síwájú. Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Bí wọ́n ṣe to Olú mẹ́ta sẹ́yìn bí ìgò nínú páálí nìyẹn. Olú tó ń lọ sí Trans-Amadi ló ń bínú jù. Olú tó ń lọ sí D-Line ní kí ó má bínú, pé nígbà tí òun wá lóṣù tó kọjá, Olú mẹ́rin ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa já àwọn méjèèjì, ó ti lé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èmi ni mo kù, èmi tí mo ń lọ sí ìdí.

Bàbá Ìbejì ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú mọ́tò. "Àna mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ rí i bí? Ṣé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Olú nìkan ni wọ́n gbé."