Mo Fi Sísọ́ọ̀sì Ba Owó Ara Mi Jẹ́

Páálí pélébé kan ni mo rà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Mowe. Fọ́tò òkè kan ló wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ní oríire dé: fọ́tò méjì lówó ẹyọ kan! Mo délé, mo fi sísọ́ọ̀sì là á sí méjì, mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní apá kan, mo lẹ apá kejì mọ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ dúpẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé fọ́tò méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n ya ọ̀kan bí ojú òsì yóò ṣe rí i, wọ́n ya èkejì bíi ti ojú ọ̀tún. Tí a bá fi awò tí wọ́n ṣe fún un wò ó, ojú kọ̀ọ̀kan á rí tirẹ̀, ọpọlọ á pa wọ́n pọ̀, òkè á wá yọ síta bí ohun téèyàn lè nawọ́ kàn. Charles Wheatstone, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé èyí lọ́dún 1838. Nígbà tó di 1861, Oliver Wendell Holmes ti ṣe irú awò tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú l'Amẹ́ríkà. View-Master tí àwọn míì fi ṣeré nígbà èwe, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Èmi wá lẹ ìdajì òkè mọ́ ògiri.

Kàkà kí n ṣíwọ́, mo tún ra òmíràn. Mi ò ní awò, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé téèyàn bá fa ẹyin ojú méjèèjì sún mọ́ imú, á rí i. Mo mú un lọ sí Kámpù ìjọ Redeemed lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, fún ìsìn Holy Ghost. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé páálí síwájú, mo fa ojú, ẹnu mi sì là sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o! Àfi pé ojú tí mo fà ti gbé tọ̀tún fún tòsì, òkè wá di kòtò. Inú kòtò yẹn ni mo wà tí màmá tó jókòó tì mí fi figbe ta: "Wárápá! Ní orúkọ Jésù!" Kí n tó mú ojú padà sáyè, òróró ti ń ṣàn níwájú orí mi, ọ́ṣà méjì sì ti gbá mi lápá mú.

"Mà, fọ́tò ni mò ń wò o."

"Fọ́tò wo, ọmọ mi? Ẹ dì í mú dáadáa!"

Nígbà tí mo wá rí awò rà, mo di ọ̀gá. Nínú àpótí fọ́tò tí àwọn oníbàárà ò wá gbà lọ́wọ́ bàbá ayàwòrán kan, mo rí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Mo rò pé irú páálí tèmi ni, mo sanwó gọbọi. Mo fi awò wò ó títí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo padà lọ bá bàbá, mo ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ.

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. "Ìbejì ni. Táyé ti kú kí wọ́n tó gbé Kẹ́hìndé wá. Kẹ́hìndé nìkan la yà, la wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi tọrọ àforíjì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ti kọ nípa iṣẹ́ yìí lọ́dún 1978, lẹ́yìn tó bá àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún ṣe ìwádìí. Nígbà yẹn, tí ìbejì bá jẹ́ takọtabo, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin, á wọ ti obìnrin, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìdílé kan fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rọ́pò ère ìbejì.

Mo dá fọ́tò náà padà. Kò sí orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ àwọn inú rẹ̀ ṣì wà láyé.