Ọmọ Yó, Kò Mí

Ẹnu mi ló kó bá mi lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba ni a ti ń kọ́ṣẹ́, àwa dókítà tó ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Wọ́n gbé ọmọlángidi rọ́bà kan kalẹ̀, kò ju òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà lọ. Iṣẹ́ wa ni ká gbé ahọ́n rẹ̀, ká ti rọ́bà tín-ín-rín wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́, ká sì fún un ní oògùn surfactant, bí ẹni pé ó ṣì ń dá mí fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í sábà ní surfactant tó nínú ara, ìdí nìyẹn tí àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi ń lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rá tí omi rin. Àwọn olùwádìí Mary Ellen Avery àti Jere Mead ló fi èyí hàn ní 1959. Oògùn ọ̀hún funfun bíi wàrà. Ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù la ti ń yọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wàrà gan-an la lò.

Irin méjì ló wà nílẹ̀: ojú lásán la fi ń wo ọ̀fun pẹ̀lú ọ̀kan, èkejì ní kámẹ́rà lẹ́nu, ó ń gbé àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Mo ní, "Kámẹ́rà kẹ̀? Ẹ fún àwọn ọmọdé."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di ojú kan, mo pariwo, "Mo ti rí i!" Mo fún wàrà náà wọlé tán. Ikùn ọmọlángidi yọ bọ̀ǹbọ̀. Màmá nọ́ọ̀sì kan, ará Ìjẹ̀bú, rọra ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ti yó. Ó ku kó mí."

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ihò méjì ló wà níbẹ̀. Ti oúnjẹ ni èmi yàn.

Mo fìtìjú gbé ti kámẹ́rà. Gbogbo yàrá ń wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Bí mo ṣe tún fẹ́ yà síbi oúnjẹ, gbogbo wọn figbe ta: "Sókè díẹ̀!" Rọ́bà wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí èmi nìkan ń wò, ta ni ìbá pè mí padà?

Ní 2024, àwọn oníṣègùn Dublin gbé èsì ìwádìí jáde lórí 214 ìkókó tí wọ́n fi rọ́bà mímí sí lọ́fun. Kámẹ́rà ṣe é ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́ fún 74 nínú ọgọ́rùn-ún; ojú lásán, 45. Bẹ́ ẹ bá ń wá àwọn 55 yòókù, ẹ má rìn jìnnà: ẹ wá bá èmi àti wàrà mi.