Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Tó Fi Máṣíìnì Dí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ n'Ísàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, n'Íbàdàn

Ẹ̀gbọ́n wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmójútó irin. Ìta gbangba ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, torí bí mo bá wá sílé, kò síbi tí n ó jókòó sí. Orí àga, máṣíìnì ìránṣọ Singer. Abẹ́ àga, Singer. Ìyàwó yín gan-an, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi wọlé bí alákàn. Ohun tí àwọn tó ń ra àlókù irin fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n, ẹ ó ti sáré san owó rẹ̀ kí wọ́n tó dé Bẹẹrẹ.

N kò ní purọ́ mọ́ yín, ọwọ́ yín gbọ́ṣẹ́. Mo rántí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ìpẹtà ti dè pinpin. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi ipá yí i, ẹ gbá a lọ́wọ́. Ẹ ro kẹrosíìnì sí gbogbo ihò epo rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún ro ó. Ìgbà tó yí, ẹ nu kẹrosíìnì kúrò kí ẹ tó fi epo máṣíìnì sí i, torí kẹrosíìnì ń fọ irin ni, kì í jẹ́ kó yọ̀. Ọjọ́ tí àlejò kan sì fẹ́ fi spírítì nu àwòrán aláwọ̀ wúrà ara rẹ̀, igbe tí ẹ ké, wọ́n á gbọ́ ọ l'Ọ́jà'ba. Òótọ́ lẹ sọ ṣá: spírítì a máa jẹ fánníìṣì tó bò ó, àwòrán á sì bá a lọ.

Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ pé K tó wà lára orúkọ Singer 15K, Kilbowie ni, ní Clydebank, Scotland, níbi tí Singer ti ṣí ilé iṣẹ́ ńlá ní 1885. Wọ́n tì í ní 1980, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ rélùwéè ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Singer dòní. Nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ló ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ ń ṣàlàyé èyí fún gbogbo ayé, títí kan ẹni tó gbé bíìlì iná wá.

Ẹ̀sùn mi kan ṣoṣo rèé: kí ló dé tí ìkankan nínú wọn kì í ránṣọ? Ẹ tún wọn ṣe tán, ẹ fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni pé òkú ni wọ́n. Ẹ wo Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lókè yẹn, 1929 ni wọ́n ṣí i, síbẹ̀ wọn ò fi aṣọ bò ó. Wọ́n tún un ṣe, àwọn èèyàn sì ń ṣe ìnáwó níbẹ̀, ìlù ń dún. Bó ṣe yẹ kí máṣíìnì yín náà rí nìyẹn, torí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kì í bèèrè iná. Nígbà tí iná bá lọ, tí télọ̀ onímọ́tò káwọ́ gbera, ó yẹ kí tiyín máa dún.

Bẹ́ẹ̀ àwọn tó nílò wọn wà: ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ tán ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó ń ya fọ́tò, ilẹ̀ mọ́, kò ní máṣíìnì. Máṣíìnì Butterfly tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà pàápàá kò rọrùn fún un láti rà. Bẹ́ẹ̀ ara Singer 15 yìí náà ni wọ́n ti wo ti Butterfly ṣe!

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ gbé e fún ọmọ télọ̀ àdúgbò yín tó fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Bí ọ̀fẹ́ bá ń dùn yín, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí Singer fúnra rẹ̀ ṣe ń tà á láyé àtijọ́ nìyẹn. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, torí mo mọ̀ pé ẹ ó máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò.